Àpótí Ìyá Mi ní Ilé Àdúrà Gbogbo Ènìyàn

Òwe kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ létí mọ́ títí tí màá fi kú: "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra." Kì í ṣe pé òwe náà burú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa fi í sí yín létí ní gbogbo ọ̀sán Sátidé fún odindi oṣù mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ pé lábẹ́ ojú ọ̀run tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò rí àyè kan ṣoṣo fún ìyá yín, ẹ̀yin náà á kórìíra rẹ̀. Hẹdimásítà tó kọ́ mi ní pírámárì ló ni òwe náà. Èsìẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀, tí ìjọba sì ti gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nígbà náà, mo ti di tíṣà ní Òmù-Àrán, mo ti wà nílé ọkọ, àbúrò mi ọkùnrin wà ní ìdálẹ̀, ìyá mi nìkan ló kù sílé wa.

Kí ìbínú mi tó ṣáájú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Ọmọ ìjọ ni òun àti bàbá mi. Bàbá mi wà lára àwọn tó po amọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé-ìsìn àkọ́kọ́ ládùúgbò wa. Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ó ní aṣọ funfun kan tó máa ń fi búlùú fọ̀, ó sì mọ orin púpọ̀ sórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé. Mo ṣì kéré nígbà tí bàbá mi kú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa nígbà náà, ẹbí jókòó, wọ́n ní kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó, kí ilé má bàa tú. Àbúrò bàbá mi yìí ti ní ìyàwó kan, Mùsùlùmí sì ni. Ìyá mi gbà, nítorí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ní Sọ́ńdè kejì, ìjọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ obìnrin. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Wọn ò lé e o! Wọ́n ní kí ó máa wá, kí ó kàn máa jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tó ń sunkún lọ.

Ọkọ kejì náà tọ́jú wa, Ọlọ́run á forí jì í. Ìyá mi ń bá ilé gbààwẹ̀, ó ń jí se sààrì fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí lèmọ́mù ní kí ó wá gba orúkọ, ó ní orúkọ tí wọ́n sọ òun lọ́jọ́ ìrìbọmi kò tíì gbó. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn Mùsùlùmí ilé ò bínú sí ìyá mi, wọn ò sì kà á mọ́ ara wọn. Èyí tó tún wá dá kún un ni pé ilé tí wọ́n ti bí i wà lára àwọn ilé tó ń gbé oúnjẹ lọ sídìí àwọn ère òkúta ìlú wa lọ́dọọdún. Bí àsìkò bá tó, á gún iyán tirẹ̀, á fi ránṣẹ́, nítorí ọmọ ilé ni. Ìjọ gbọ́, wọ́n ní ó ti padà sídìí òrìṣà. Àwọn ará ìdí ère náà ní kì í ṣe tiwọn, nítorí kì í dúró bá wọn jẹun níbẹ̀. Bí ó ṣe ṣe dáadáa sí gbogbo wọn tó, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè na ọwọ́ sí i pé tiwa nìyí.

Láti ìgbà náà, ìdí ààrò ló ti ń gbàdúrà. Ó ní àpótí kan tí bàbá mi gbẹ́ fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó, àpótí kúkúrú, irú èyí tí àwọn obìnrin ń jókòó lé bí wọ́n bá ń ro ọkà. Ní ìdájí, kí ó tó dáná, á jókòó sórí rẹ̀, á fi gèlè borí, ètè rẹ̀ á máa mì. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á dákẹ́. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń tọrọ. Ó ní kí n lọ pọnmi.

Èmi ni mo máa ń bínú. Ìyá mi kì í bínú, ìyẹn gan-an sì ń mú mi bínú sí i. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo dé fún ìsinmi, mo gba ilé ìyá ẹgbẹ́ ìjọ lọ, mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un láìkù síbì kan. Inú mi dùn bí mo ṣe ń padà bọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi ti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àdúrà ogójì ọkọ rẹ̀ kejì, wọ́n ní kí ó lọ dúró sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn àlejò, mo sì bá lèmọ́mù fa ọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ìyá mi tún bẹ̀bẹ̀. Mo rò pé mò ń jà fún un ni. Ó ní, "Ìbínú ò da nǹkan." Mo ní, "Sùúrù náà ò da nǹkan fún yín." Báyìí la ṣe ń gbé e.

Ọjọ́ tí Nàìjíríà gbòmìnira ni hẹdimásítà ti mú èrò pé kí gbogbo ẹ̀sìn jọ máa gbàdúrà. Mo wà níbẹ̀. Kíláàsì tó kẹ́yìn ni mo wà, wọ́n kó wa sí pápá, wọ́n fún wa ní ife oníke kọ̀ọ̀kan àti àsíá kékeré. Òun ló ṣètò ọjọ́ náà. Ó ní kí pásítọ̀ gbàdúrà fún ìlú, kí lèmọ́mù gbàdúrà, kí àgbàlagbà kan láti ìdí ère gbàdúrà. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí láìsí ìjà, ọkùnrin tó máa ń nà wá bí ẹni ń lu ẹ̀wà lórí ẹní bú sẹ́kún lójú gbogbo wa. Ó ní Nàìjíríà nìyẹn. Ìyá mi wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé, ó ń wò wá láti ìta.

Hẹdimásítà gbé ọ̀rọ̀ náà sínú títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló ṣí pálọ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ó kan pátákó ìkọ̀wé àtijọ́ kan mọ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ ÀDÚRÀ GBOGBO ÈNÌYÀN. Ó kọ sísàlẹ̀ pé: Ẹni yòówù kí o jẹ́, máa wọlé bọ̀. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń lọ. Àwọn tíṣà ọ̀dọ́ ń lọ, àwọn ìyá ìjọ mẹ́rin márùn-ún ń lọ. Àlàájì kan tó ń ta obì, tó wá láti ìhà Ṣààrẹ́ tó sì ti dàgbà sí ìlú wa, ń mú àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Bàbá àgbà kan láti ìdí ère náà ń lọ, òun àti àbúrò rẹ̀.

Ìyá mi gbọ́. Ìyá mi tí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó dúró tì mí lọ́jọ́ kan tí mo wá kí i, ó ń fi ọwọ́ pa ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀.

"Ṣé o lè mú mi dé ilé Ọ̀gá?"

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Àdúrà kan wà tí mo fẹ́ gbà," ó ní. "Mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe Àmín sí i kí n tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kí ni ọmọ á sọ sí irú ìyẹn? Mo ní a óò lọ.

Ọ̀gá, bí gbogbo ìlú ṣe ń pe hẹdimásítà, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sáàárín pálọ̀, ó to bẹ́ǹṣì ilé-ìwé mọ́ ògiri yípo. Ó ní kí olúkúlùkù jókòó bó ṣe máa ń jókòó nílé Ọlọ́run tirẹ̀. Àwọn Onígbàgbọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tàwọn ti bàtà, àwọn Mùsùlùmí bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí ẹní. Ọ̀gá dúró láàárín, ojú rẹ̀ ń dán. Ó pa òwe rẹ̀. Kò tíì parí rẹ̀ tí ìyá ìjọ kan fi kígbe, "Èèwọ̀!"

Gbogbo wa wo ibi tó ń wò. Tíṣà ọ̀dọ́ kan gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú etí Àlàájì tó wà lórí ẹní nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnu bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fìlà bàbá náà. Ọmọ tí Àlàájì lè bí lọ́mọ-ọmọ! Ọmọkùnrin náà fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àlàájì ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nǹkan ti wà níbẹ̀, gbogbo wa ti rí i. Ọmọ Yorùbá wo ló lè dijú gbàdúrà kí ọmọdé jókòó lókè, kí àgbà wà nísàlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni a ò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìjókòó la sọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sórí ẹní. Àwọn ìyá ìjọ ní bí àwọn bá jókòó sílẹ̀, ta ni yóò gbé àwọn dìde? Wọ́n ní kí gbogbo wa wà lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ Àlàájì ní bàbá àwọn kò lè fi ẹsẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó wá gbàtọ́jú lọ́sibítù kó tó pe orúkọ Ọlọ́run. Wọ́n bi bàbá ìdí ère pé báwo ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ní ìdúró ni. Ni Ọ̀gá bá pàtẹ́wọ́, ó ní ó ti yanjú, gbogbo wa á máa dúró. Sátidé méjì la fi dúró bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé. Orúnkún ìyá mi wú, mo ń fi omi gbígbóná jó o títí di ọjọ́ Sọ́ńdè. Ní Sátidé kẹta, wọ́n padà sí bẹ́ǹṣì àti ẹní, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa jókòó síta lábẹ́ máńgòrò, kí wọ́n máa gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ìyá mi ò lè wà lórí bẹ́ǹṣì nítorí àwọn ìyá ìjọ tó yọ orúkọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, ojú sì ń tì í. Kò lè wà lórí ẹní nítorí orúnkún. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí.

Èyí tí mo sọ yìí, eré ni. Rẹ́jísítà ló pa mí lára. Ẹni tó bá ti ṣe hẹdimásítà fún ogún ọdún kò lè gbàdúrà láìsí rẹ́jísítà. Ọ̀gá fa ilà sí i, ó pín in sí mẹ́ta: Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, Ẹlẹ́sìn Àbáláyé. Ọ̀sẹ̀ kan, Onígbàgbọ́ kan á ṣáájú àdúrà, gbogbo wa á ṣe Àmín. Ọ̀sẹ̀ kejì, Mùsùlùmí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá ìdí ère. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tí wọ́n máa rẹ́ jẹ. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ òmìnira nìyẹn.

Nígbà tó ń kọ orúkọ, ìyá mi nawọ́ sókè láti ẹnu ọ̀nà, bó ṣe máa ń rí i tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe.

"Ẹ kú ìdúró, ìyá," Ọ̀gá ní. "Abẹ́ èwo ni kí n kọ yín sí?"

"Abẹ́ èyí tó bá tètè kàn, Ọ̀gá."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rín in. "Rárá o, ìyá. Níbí, a kì í fagbára mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ́."

"Mo jẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi."

Ọ̀gá wo àwọn ìyá ìjọ. Wọ́n wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní tí ó bá ṣe tàwọn ni, kò burú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, bí pásítọ̀ bá sì gbọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ Àlàájì ní ìyá dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò gba orúkọ. Bàbá ìdí ère ní àwọn máa ń rí iyán rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì máa ń kúnná dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ò rí òun fúnra rẹ̀ rí. Gbogbo wọn wá jùmọ̀ sọ pé wọn ò lé e o, kí ó máa wá. Kí ó máa wá! Ohun tí ìjọ sọ fún un nígbà tí mo wà lọ́mọdé gẹ́lẹ́ ni wọ́n tún fi ohùn dídùn sọ fún un níbẹ̀. Ọ̀gá ní òun máa fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé fún ìgbà díẹ̀, títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìgbìmọ̀ ò jókòó. Nígbà tí wọn ò mọ ohun tí àwọn fúnra wọn máa jókòó lé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jókòó lé ìyá mi lórí?

Ní Sátidé kẹwàá, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo wọlé láti abẹ́ máńgòrò tí wọ́n tò wá sí, mo dúró láàárín pálọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun sà, ṣé ilé gbogbo ènìyàn nìyí, àbí ilé ènìyàn mẹ́ta?"

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí tí mo bá ṣi ìṣirò. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé ojú ọ̀run..."

"Mo mọ̀ ọ́n sà! Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ bá mi wá ẹ̀ka igi kan nílẹ̀ níbí tí ẹyẹ kan ṣoṣo lè bà lé!"

Mo di ọwọ́ ìyá mi mú, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó tẹ̀ lé mi. Ó ń wẹ̀yìn bí a ṣe ń lọ, ó ń kí wọn pé ó dàbọ̀ o, ẹ má bínú, ó dàbọ̀ o.

Nígbà tí a dé ẹnu ilé, ó ní, "O tún ti jà fún mi tán."

"Ṣé kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ta ló ní kí o jà fún mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Èmi tí mo ń wọkọ̀ láti Òmù-Àrán ní gbogbo Sátidé, tí mo ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ọkọ! Mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ tún gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, pé bó bá fẹ́ gbàdúrà, ìdí ààrò rẹ̀ kò sá lọ. Mo bínú padà sí Òmù-Àrán, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Sátidé mẹ́ta kọjá láìyọjú. Mo ní ìwé ìdánwò ló ń dí mi lọ́wọ́. Irọ́ ni, mo ti máàkì rẹ̀ tán.

Ní Sátidé kẹrin, mo ra búrẹ́dì àti ẹja díndín, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo yí sẹ́yìn lọ sílé ìdáná, iná ti kú, ibi tí àpótí máa ń wà ṣófo. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ, nítorí eérú kì í dé abẹ́ àpótí náà. Mo pe obìnrin tó wà nílé kejì.

"Ìyá rẹ kẹ̀?" ó ní. "Ó ti gbé àpótí rù, ó ń tiro lọ sílé Ọ̀gá. Ṣé o ò mọ̀ ni? Bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Ẹ ò lè mọ bí inú ṣe bí mi tó. Mo ti sọ pé kí ó má lọ! Obìnrin tí orúnkún rẹ̀ wú, ó tún wá ru igi lórí! Mo fi ìbínú rìn débẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ apá, mo ti to gbogbo ohun tí màá sọ fún Ọ̀gá sẹ́nu. Nígbà tí mo dé ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀.

Kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹní. Orí àpótí ni gbogbo wọn wà. Àpótí oríṣiríṣi, èyí tí èéfín ti pa láró, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn láti ara pákó. Gbogbo wọn ti ilé ìdáná wọn gbé e wá. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí ìyá mi gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó fi í sáàárín bẹ́ǹṣì àti ẹní tó sì jókòó, Àlàájì wò ó títí, ó rán ọmọ sílé kí ó lọ gba ti ìyàwó òun wá. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tí kò gbé tirẹ̀. Àpótí kò ga, kò sì jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó wà lókè ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ ti wọlé láti abẹ́ máńgòrò. Ọ̀gá pàápàá wà lórí tirẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì gbé rẹ́jísítà burúkú náà lé e. Ó ṣì pín in sí mẹ́ta.

"Ọ̀sẹ̀ Mùsùlùmí ni," Ọ̀gá ní. "Àlàájì ló kàn."

Àlàájì ní, "Mo gbọ́. Mo fi tèmi fún ìyá yìí."

Ọ̀gá gbé bírò sókè. Ó gbé e sílẹ̀. "Àlàájì, ṣé kí n wá kọ wọ́n sí abẹ́ Mùsùlùmí ni?"

"Ọ̀gá, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ò kún agbọ̀n. Ẹ kọ wọ́n sí abẹ́ àpótí."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, mo sì rí i tó tẹ orí ba ìwé, tó fa ilà kẹrin. Ìyá mi kò dìde. Ó jókòó bó ṣe máa ń jókòó ní ìdí ààrò, ó fa gèlè borí. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìsí ohùn, mo sì rò pé kò ní lè sọ ọ́. Ó ti gbàdúrà nìkan pẹ́ jù. Wọ́n dúró dè é. Ohùn rẹ̀ wá jáde díẹ̀díẹ̀.

"Ọlọ́run, ìwọ ló mọ ilé ìdáná mi. N ò mú ohun tuntun wá. Àwọn tó yọ orúkọ mi, mo ti dárí jì wọ́n kí wọ́n tó yọ ọ́ tán, ìwọ náà mọ̀. Ọmọ mi obìnrin ni." Ó ki oríkì mi. Ó ki í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ṣe máa ń kì mí nígbà tí mo bá jí ní kékeré. "Èmi ni wọ́n ṣẹ̀, òun ló ń bínú. Ẹrù mi ló rù láti kékeré, n kò sì ní kí ó rù ú. Ó ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Jẹ́ kí ó máa jẹun, kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí ó máa wá kí mi láìmú ìjà dání. Èyí ni mò ń bẹ̀ ọ́ fún ní gbogbo ìdájí. Bóyá ohùn mi nìkan ni kò tó, ìdí nìyẹn tí mo fi wá ènìyàn kún un."

"Àmín!" ni gbogbo pálọ̀ dáhùn. Àwọn kan fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú. Bàbá ìdí ère ní "Àṣẹ." Àwọn ìyá ìjọ tó wà níbẹ̀, àwọn kan náà tó mọ bí orúkọ ṣe kúrò nínú ìwé, tiwọn ló rinlẹ̀ jù.

Èmi nìkan ni mi ò ṣe é. Màá sọ òótọ́, ó ti pẹ́ kọjá kí n máa purọ́ báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn lójú fèrèsé yẹn ni pé, kí ló dé tó ń tú àṣírí mi fún ará ìta? Inú bí mi. Mo yí padà, mo lọ jókòó sẹ́nu ilé wa, omi ń dà lójú mi, inú sì ń bí mi pé omi ń dà lójú mi. Nígbà tó dé, ó sọ àpótí kalẹ̀, ó wo ojú mi, ó wo búrẹ́dì.

"Ṣé o ti jẹun?" ó ní.

Mo ní mo ti jẹun. N kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. A ò sọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀ títí ó fi kú pé mo wà ní ojú fèrèsé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó sùn, kò jí. Ẹ wá wo nǹkan. Ìyá mi tí kò sí ẹni tó lè kà á mọ́ tiwọn, bó ṣe kú ni gbogbo wọn dé. Ìjọ ní pásítọ̀ tuntun ti dá orúkọ rẹ̀ padà, ọmọ ìjọ ni, àwọn ló máa sin ín. Àwọn ará ilé ọkọ ní aya àwọn ni, ó bá àwọn gbààwẹ̀, lèmọ́mù ti ń bọ̀. Ilé tí wọ́n ti bí i ní iyán ta ni àwọn ń jẹ láti ọdún yìí wá, bí kì í bá ṣe ti ọmọ àwọn? Àwọn ará Ilé Àdúrà Gbogbo Ènìyàn náà dé, wọ́n gbé àpótí rù wá ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n jókòó yí àgbàlá ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ gbàdúrà. Ọ̀gá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó fa rẹ́jísítà yọ láti inú àpò, ó gbé gíláàsì lé imú, ó ń wá orúkọ ìyá mi. Ó ní kí gbogbo wa ṣe sùúrù, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò.

Mo dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí wọn lọ́jọ́ náà, àdúgbò wa kò ní gbàgbé rẹ̀. Mo ti la ẹnu. Àpótí tirẹ̀ wà níwájú mi lẹ́bàá òkú, kò sí ẹni tó jókòó lé e, eérú ìdí ààrò ṣì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rántí ojú fèrèsé.

"Àmín," mo ní.

Gbogbo wọn yíjú sí mi, Ọ̀gá gbé orí kúrò nínú ìwé. Ó ní àdúrà ta ni mò ń ṣe Àmín sí, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n máa bá ìjà wọn lọ. Mo jókòó.